Ẹgbẹ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Kó Jọ fún Pápá Àtijọ́

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé agbègbè Dallas yìí, dọ́là méjì ni mo fi ń wọlé wo bésíbọ́ọ̀lù, lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn pápá, níbi tí oòrùn ti ń kanni látàrí. Gálọ́ọ̀nù epo kan kò tó dọ́là kan. Lónìí, wọ́n ti fi òrùlé bo pápá, wọ́n ti fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, owó tí wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni láti gbé mọ́tò kalẹ̀ níta pápá nìkan, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni nígbà náà. Omi inú ike kan wọ́n ju owó tí mo fi ń gẹrun lọ. Mo sọ èyí fún ọmọ mi ọkùnrin, ó ní owó oṣù náà ti pọ̀ sí i. Òótọ́ ló sọ. N kò ráhùn. Mo kàn ń sọ ọ́ bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí kò bá sí ohun mìíràn lẹ́nu wọn.

N kì í lọ sí pápá mọ́. Bésíbọ́ọ̀lù tí mo mọ̀ nísinsìnyí, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Àwọn tó ṣe eré náà ti kó àwọn eléré àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí sínú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tí olúkúlùkù ṣe lórí pápá nígbà ayé rẹ̀. Èèyàn á yan àwọn tirẹ̀, á sì yan pápá tí wọn yóò máa pè ní ilé. Kọ̀ǹpútà á wá ṣe ìṣirò, á gbá gbogbo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí dé ìparí, á sì máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fúnni lójoojúmọ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré yìí, ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kan ń fi igi gbá a. Tí ó bá gbá a kọjá ògiri pápá, ó ti jẹ nìyẹn. Tí kò bá kọjá ògiri, àwọn tó ń ṣọ́ pápá á sáré tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá hán an kó tó balẹ̀, ẹni tó gbá a á padà lọ jókòó. Pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n kò sí méjì tó dọ́gba nínú pápá bésíbọ́ọ̀lù. Ògiri ibòmíràn sún mọ́ni débi pé ọmọ tí kò lágbára púpọ̀ lè gbá a kọjá. Ti ibòmíràn jìnnà débi pé akínkanjú á gbá a, wọ́n á sì hán an. Nígbà tó sì jẹ́ pé ìdajì eré ẹgbẹ́ kan ni wọ́n ń gbá nílé, ẹni tó gbọ́n á kọ́kọ́ wo pápá kó tó yan eléré, bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ilẹ̀ kó tó gbin nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ mi ní èyí. Bí wọ́n ṣe jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún gbogbo wa nìyẹn, kì í ṣe pé a bá ara wa tan. Ní Denton, ìlú kan nítòsí Dallas, la ti pàdé, nígbà tí a wá kàwé. Èmi ti ka ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì nílé, mo rò pé màá ṣe ọdún méjì síwájú sí i kí n padà. Ẹ̀gbọ́n ti ṣe olùkọ́ àgbà kí wọ́n tó wá, wọ́n fi bí ọdún mẹ́wàá jù wá lọ. Àwa mẹ́fà la wà ní àpátímẹ́ǹtì méjì tó dojú kọra. Òyìnbó kan tó ń kó lọ fi páálí kan sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, káàdì àti dáìsì ló wà nínú rẹ̀: bésíbọ́ọ̀lù orí tábìlì. Ní ọjọ́ tí yìnyín bo títì tí kò sẹ́ni tó lè jáde, Ẹ̀gbọ́n jókòó ka òfin eré náà sí wa létí bí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì, wọ́n sì bi wá ní ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan nínú wa kò gba èyíkéyìí. Orúkọ tí a sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni Alága, nítorí Ẹ̀gbọ́n ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń di alága nílé. Títí dòní, Alága ló ń jẹ́.

Láti ìgbà yẹn la ti ń gbá a. Káàdì di kọ̀ǹpútà, a fọ́n ká, a bímọ, a fẹ̀yìn tì. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n la jọ ni ẹgbẹ́ kan, àwọn mẹ́rin yòókù ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Méjì nínú wọn ti kú. A kò tú ẹgbẹ́ wọn ká. Kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀.

Pápá gbalasa kan ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n ń lò, ògiri rẹ̀ jìnnà bí ẹni ń lọ sóko. Ọ̀nà tí Ẹ̀gbọ́n ń gbà kó ẹgbẹ́ jọ fún pápá yẹn kò yí padà. Wọn kì í ra òmìrán. Wọ́n á wá àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá, wọ́n á kó wọn sẹ́yìn pápá, wọ́n á sì wá ẹni tí bọ́ọ̀lù tó ń jù tọ́, tí kì í jù ú gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, bí wọ́n tiẹ̀ ń gbá a sókè.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá a,” ni wọ́n máa ń wí. “Ibi tó bá fẹ́ balẹ̀ sí, ọmọ wa á ti wà níbẹ̀.”

Lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi, mo ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láìrí ohun tó wà níbẹ̀. N kò sunkún. Ó dà bí ìgbà tí dókítà eléyín bá fún èèyàn lábẹ́rẹ́: ẹnu ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá omi gbígbóná ni wọ́n bù sí i tàbí omi tútù. Mo ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wakọ̀ wá láti ilé wọn ní Grand Prairie lọ́jọ́ kan, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n wo eré tí ayò kan péré ni wọ́n jẹ nínú rẹ̀ títí ó fi parí. Wọ́n wá ní, “Àbúrò, ilé wa ti dákẹ́ jù. Jẹ́ ká wá ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń fò.”

Bí a ṣe kó kúrò ní pápá gbalasa nìyẹn. Pápá kékeré kan ni Ẹ̀gbọ́n mú, tí ògiri rẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kanni láyà. Wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ pé kí á tú gbogbo àwọn sárésáré ká, wọ́n sì kó àwọn òmìrán ọlọ́wọ́ òsì jọ, tí bọ́ọ̀lù wọn máa ń lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, tí wọ́n ń gbá a lu ìjókòó àwọn òǹwòran. Ariwo pọ̀. Eré tó parí sí mẹ́wàá sí mẹ́sàn-án wọ́pọ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò sọ ọ́ síra wa. Bí a ṣe lo sáà bíi mélòó kan nìyẹn.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ Ẹ̀gbọ́n obìnrin pè mí. Nọ́ọ̀sì ni, ní Wylie ló kọ́lé sí pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ibí ni wọ́n bí i sí. Á fi Yorùbá kí mi dáadáa, á wá fi Gẹ̀ẹ́sì parí ọ̀rọ̀. Ó ní bàbá òun gbé ìkòkò ka iná, wọ́n sì lọ sùn. Ó ní ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wakọ̀ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti ṣe ọ̀gá níbẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, wọ́n ń retí kí wọ́n ṣí i. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ló pè é. Nígbà tí òun bi wọ́n, wọ́n ní àwọn kàn lọ wo ibẹ̀ ni, pé ṣé èèyàn kò lè wo ibi tó ti ṣiṣẹ́ mọ́? Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń sọ ọ́ pé kí wọ́n ta ilé Grand Prairie, kí òun kó bàbá sọ́dọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ní àwọn kò lọ síbì kankan, pé inú ilé yẹn ni wọ́n máa ti gbé òkú àwọn jáde.

“Dádì Dallas, ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n jù,” ó ní. “Tí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n máa ń ṣe dáadáa. N ò mọ èwo ni kí n gbàgbọ́. Tí ẹ bá ní kò sí nǹkan kan, màá fi wọ́n sílẹ̀ nílé wọn.”

Mo sọ fún un pé a máa tó yan eléré fún sáà tuntun, ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n la ti ń ṣe é lọ́dọọdún. Mo ní kó jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá.

Ọjọ́ Sátidé ni. Akọ̀wé wá láti Denton, òun la fi ń pe ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àti òfin wa. Ó gbé ẹ̀pà sísè dání. Alága wà nínú fóònù, láti Ìbàdàn tó padà sí; a gbé e ti agolo ṣúgà kí ó lè máa rí wa. Ọmọ Ẹ̀gbọ́n wà ní kíṣìnì, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Bí a ṣe ń yan eléré ni pé gbogbo ẹgbẹ́ á tú àwọn tirẹ̀ sílẹ̀, a ó wá máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àgbà lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń kọ́kọ́ yàn. Àṣà wa tún ni pé ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ sí èyí tí Ẹ̀gbọ́n bá yàn. Èèyàn lè fi Alága ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n tí Ẹ̀gbọ́n bá ti dárúkọ eléré, ó parí.

Alága ní kí Ẹ̀gbọ́n jọ̀wọ́ yára, iná lè lọ lọ́dọ̀ àwọn nígbàkigbà. Ẹ̀gbọ́n ní tí iná bá lọ, kí ó fi ojú rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀, kó jẹ́ pé ó wúlò lẹ́ẹ̀kan. A rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa mọ ẹni tí wọ́n máa mú: òmìrán ọlọ́wọ́ òsì kan wà níbẹ̀ tí pápá kékeré wa dà bí ibi tí wọ́n kọ́ fún un.

Ẹ̀gbọ́n dárúkọ sárésáré kan tó ń ṣọ́ àárín ẹ̀yìn pápá. Gbogbo ayé rẹ̀, ekukáká ló fi gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri.

Akọ̀wé gbójú sókè láti ara kọ̀ǹpútà. Alága rò pé eré ni. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ṣé nínú pálọ̀ ni ọmọ yẹn á ti máa sáré?”

“Ẹsẹ̀ ni pápá wa ń fẹ́,” Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. “Ẹ̀yin ẹ máa wá apá kiri.”

Nígbà tó tún kàn wá, wọ́n mú ẹnì kan tó ń ju bọ́ọ̀lù tó tọ́, tí gbogbo ènìyàn ń gbá sókè. Ní pápá kékeré wa, bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá sókè bẹ́ẹ̀, orí ìjókòó òǹwòran ló máa balẹ̀ sí. Wọ́n nà sẹ́yìn lórí àga, wọ́n ní kí á jẹ́ kí wọ́n gbá a, pé ibi tó bá fẹ́ balẹ̀ sí, ọmọ wa á ti wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi. Pápá gbalasa ni Ẹ̀gbọ́n ń kó ẹgbẹ́ jọ fún. Kíkó tí a kó kúrò níbẹ̀, òmìrán, ariwo, ọjọ́ tí wọ́n wakọ̀ wá jókòó tì mí, kò sí èyí tó kù lọ́kàn wọn.

Èmi ni mo kéré jù, n kò lè la ẹnu. Mo ń wo fóònù kí Alága sọ̀rọ̀. Alága ń retí Akọ̀wé, nítorí òun ni òfin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé ń wo èmi, nítorí èmi àti Ẹ̀gbọ́n la jọ ni ẹgbẹ́ náà. Bí a ṣe ń wo ara wa nìyẹn, tí Ẹ̀gbọ́n ń mú sárésáré kan tẹ̀ lé èkejì, tí kọ̀ǹpútà sì ń bá àwọn òkú wa kó gbogbo òmìrán lọ.

Ohun tó sì ṣòro níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà dára. Ẹ̀gbọ́n mọ ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún ní sáà wo. Wọ́n mọ ẹni tó lè sọ bọ́ọ̀lù láti ìdí ògiri padà sílé láìjẹ́ kó balẹ̀. Nígbà tí Akọ̀wé pe ọdún eléré kan ní àṣìpè, wọ́n tún un ṣe, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí bẹ́ẹ̀. N kò tíì rí ẹgbẹ́ tó bá pápá gbalasa mu tó báyẹn.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dìde lọ tọ̀, Akọ̀wé yí kọ̀ǹpútà sí mi. Ó ti ṣí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ pápá. Òfin wa ni pé a kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ pápá lẹ́yìn tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí yan eléré, àyàfi tí gbogbo wa bá fọwọ́ sí i. Ó gbé ìpéǹpéjú sókè sí mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Alága sọ nínú fóònù pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé tẹ bọ́tìnnì, ògiri sì padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé, wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n rí pápá wọn, wọ́n jókòó, wọ́n sì bu ẹ̀pà.

Akọ̀wé bá mi jáde síbi mọ́tò. Ó ní ọmọ náà máa bi mí léèrè, kí n sọ fún un pé bàbá rẹ̀ wà dáadáa. Ó ní ta ni kì í gbàgbé? Ó ní orí Ẹ̀gbọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ ju kọ̀ǹpútà òun lọ, pé tí wọ́n bá kó wọn kúrò nínú ilé yẹn, wọn ò ní pẹ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ọmọ náà jáde wá nígbà tí Akọ̀wé ti lọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ.

“Dádì Dallas, báwo ni wọ́n ṣe rí?”

Mo wo ilé náà. Ẹ̀gbọ́n ti san owó rẹ̀ tán láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbin igi tó wà níwájú rẹ̀. Mo lè sọ ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n kú síbẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́. Mo tún rí wọn lẹ́nu géètì pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, wọ́n ń retí kí wọ́n ṣí i fún wọn.

“Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣì mọ̀,” mo ní. “Ibi tí wọ́n wà ni wọn ò mọ̀.”

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí bóyá kí òun kó wọn lọ. Mo ní kó kó wọn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, mo sì fi ọwọ́ lé e léjìká, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí èèyàn ń ṣe nìyẹn. N kò mọ ohunkóhun lára nígbà náà. Mo wọ mọ́tò, mo bọ́ sórí fíríwéè, mo sì kọjá ibi tí ó yẹ kí n ti yà.

Wọ́n ta ilé náà kí ooru tó dé. Akọ̀wé kò pè mí fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó pè, ó ní, “Àbúrò, ìwọ lo lé Ẹ̀gbọ́n kúrò nílé wọn.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá bi mí bóyá mo ti rí èsì eré àná. A kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ní Wylie, gbogbo ilé àdúgbò náà jọra, igi wọn ṣì kéré, wọ́n fi okùn dè wọ́n mọ́ ọ̀pá kí wọ́n má baà ṣubú. Mo máa ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Ẹ̀gbọ́n máa ń wà lójú wíńdò, wọ́n á ti gé irun wọn, ọmọ wọn á ti fi òróró pa wọ́n lára. Mo máa ń ka èsì eré ọ̀sẹ̀ náà fún wọn. Ẹgbẹ́ wa ṣe dáadáa. Ohun gbogbo tí wọ́n gbá sókè, àwọn ọmọ wa hán an. Eré tó parí sí oókan sí òdo pọ̀, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé ìyàwó mi ńkọ́. Mo ní ó wà ńlé.

Lọ́jọ́ mìíràn, mo ń ka èsì lọ, wọ́n gbé ọwọ́ sókè kí n dúró. Wọ́n wo títì, wọ́n wo àwọn ilé yẹn.

“Àbúrò, ta ló ní kí wọ́n gbé mi wá síbí?”

“Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n.”

Wọ́n wò mí. N kò gbé ojú kúrò. Ọmọ wọn ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Ìwọ ni,” wọ́n ní. Wọ́n tún yíjú sí títì. “Ta ló máa ju bọ́ọ̀lù lọ́la?”

Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ó dáa, kí n má jẹ́ kó jù ú pẹ́ jù, apá rẹ̀ máa ń rẹ̀ ẹ́ tí ooru bá mú.

Sáà tuntun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ti bi wá bóyá gbogbo wa wà níbẹ̀. Alága wà ní Ìbàdàn, ojú kan ló fi ń ríran. Akọ̀wé wà ní Denton, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ń dáná fún wa ní àpátímẹ́ǹtì kú sí Houston. Èyí tó máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun kú sí ilé, ní Òṣogbo, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ la ti gbọ́. Nínú àwọn ìyàwó, ti Alága nìkan ló kù. Ẹ̀gbọ́n wà ní Wylie. Èmi wà ní Dallas.